Ẹ Ya Ilé Kí Ó Tó Wó: Ọ̀rọ̀ lórí Òdòdó, Kámẹ́rà àti Ayétòrò

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ìjà ni mo gbé wá lónìí, n kò sì ní fi bò.

Ní sáà kan tí ó ti kọjá, mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi kọ àròkọ aṣàpèjúwe lórí àkòrí tí gbogbo wa mọ̀ ní àmọ̀dunjú: "Ìlú Mi". Ọmọkùnrin kan tí ilé wọn wà ní Ayétòrò, ní etí òkun Ìlàjẹ, gbé tirẹ̀ wá. Ó kọ ọ́ dáadáa. Ó ní títì ìlú òun mọ́ tónítóní. Ó ní òkúta ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé ibẹ̀. Ó ní níwájú ilé ọtí tí ó wà ní ìkòríta, wọ́n so agbọ̀n òdòdó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, pupa, funfun, aláwọ̀ àlùkò, tí ìtànná wọn ń ṣàn wálẹ̀ bí irùngbọ̀n àgbàlagbà. Mo kà á tán, mo pè é. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, Ayétòrò wo ni èyí?" (Ayétòrò pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá lóòótọ́, ti Yewa ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó jọ ohun tí ọmọ yìí kọ nínú gbogbo wọn.) Ó wolẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Kàlẹ́ńdà tó wà ní pálọ̀ wa ni mo wò kọ ọ́." Mo bi í pé kí ló dé tí kò wo ìlú tirẹ̀. Ó ní, "Kò sí ohun tó dára tí ènìyàn lè yà níbẹ̀ mọ́, sà. Òkun ló ń gbé e lọ."

N kò bá ọmọ náà wí. Ẹni tí ó kọ́ ọ láti máa rí ìlú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ ká bá wí, àwa olùkọ́ sì wà lára wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún kàlẹ́ńdà yẹn ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àwòrán inú rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, ó ṣòro kí ènìyàn rin ìlú kékeré kan já kí ó má rí agbọ̀n òdòdó tí wọ́n so rọ̀ sára òpó iná, sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, àti ní pàtàkì jù lọ, sí iwájú ilé ọtí abúlé. Láti ọdún 1964 ni ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní Britain in Bloom ti ń mú kí ìlú máa bá ìlú díje lórí ẹwà òdòdó. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé, tí wọ́n ti ń fún ìlú àti abúlé olódòdó ní àmì ẹ̀yẹ láti 1959, ni wọ́n sì ti rí i kọ́. Ilé ọtí kan wà ní Kensington ní Lọ́ńdọ̀nù, Churchill Arms ni orúkọ rẹ̀, tí òdòdó bo ògiri rẹ̀ débi pé àwọn àlejò máa ń dúró sí òdìkejì títì láti ya fọ́tò rẹ̀. N kò rò pé gbogbo wọn ni ó ń wọlé lọ ra ọtí.

Kí ni wọ́n ń yà gan-an? Ẹni tí ó bá rò pé òdòdó ni, kò tí ì tọ́jú agbọ̀n bẹ́ẹ̀ rí. Iyẹ̀pẹ̀ inú agbọ̀n náà kò pọ̀, ó so rọ̀ lójú ọ̀run, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ nísàlẹ̀, oòrùn ń pa á lókè. Bí a kò bá bu omi rin ín lójoojúmọ́, ó ti rọ; nígbà tí ooru bá mú, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni. Ẹnì kan ní láti máa já èyí tí ó ti gbẹ kúrò kí òmíràn lè yọ. Nígbà tí òtútù bá dé, gbogbo rẹ̀ á kú, wọ́n á sì tún un bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ya fọ́tò agbọ̀n òdòdó ya fọ́tò ẹni tí ó jí ní kùtùkùtù láti bu omi. Ìtọ́jú ni ó yà. Òdòdó kàn jẹ́ ẹ̀rí pé ìtọ́jú wà níbẹ̀ ni.

Ohun kan sì tún wà tí n kò lè ṣàìsọ, nítorí ó ń dùn mọ́ mi. Èyí tí wọ́n ń pè ní busy lizzie, tí ó wọ́pọ̀ nínú àwọn agbọ̀n yẹn, ìlà-oòrùn Áfíríkà ni orírun rẹ̀. Gúúsù Áfíríkà ni lobelia tí ó ń ṣàn wálẹ̀ ti wá, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti mú ìran òdòdó tí wọ́n ń pè ní geranium tí ó wà lójú fèrèsé wọn. Ọmọ Ayétòrò jókòó sí pálọ̀ bàbá rẹ̀, ó ń wo òdòdó Áfíríkà lójú fèrèsé Gẹ̀ẹ́sì, ó ní ilẹ̀ wa kò ní ohun tí a lè yà.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò sì fi fọ́tò yíyà náà ṣeré. Ní ọdún 1860 ni Francis Frith dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Reigate, èrò rẹ̀ sì ni pé kí òun ya gbogbo ìlú àti abúlé ilẹ̀ náà, láìka bí ó ti wù kí ó kéré tó sí. Ó kú ní 1898, iṣẹ́ náà kò dúró. Ní ọdún 2005, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní Geograph: wọ́n pín ilẹ̀ wọn sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, kìlómítà kan ní òró, kìlómítà kan ní ìbú, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kámẹ́rà wá ya ohun tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwòrán tí ó ti wọlé ju mílíọ̀nù mélòó kan lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì ni, àpótí lẹ́tà ni, afárá kékeré ni, ilé ọtí pẹ̀lú agbọ̀n òdòdó rẹ̀ ni. Àwọn tí ó ń yà wọ́n kì í ṣe oníròyìn, wọn kò sì dúró de ìgbà tí ilé ọtí náà bá jóná kí wọ́n tó yà á.

Ayétòrò ńkọ́?

Ìlú tí ìjọ dá sílẹ̀ ni, ẹni tí ó bá ń wá ilé ọtí olódòdó lọ síbẹ̀ ti ṣìnà. Ní oṣù kìíní ọdún 1947 ni àwọn ọmọ Ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́, tí wọ́n ti inú ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù jáde, tẹ̀ ẹ́ dó sí àárín òkun àti irà, níbi tí kò sí ẹni tí ó rò pé ìlú lè dúró. Ẹrẹ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n gbé ilé lé orí òpó, wọ́n to pákó gun ara wọn láti ilé dé ilé, ó di títì. Gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́, àpò kan ṣoṣo ni owó ń wọ̀. Láti inú àpò náà ni wọ́n ti ń bọ́ ọmọdé àti àgbà. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n hun aṣọ, wọ́n rán bàtà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, nígbà tí àtùpà elépo ṣì ń jó ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá wa, iná mànàmáná ti tàn ní Ayétòrò. Kì í ṣe ìjọba ni ó fà á wọ̀lú. "Ìlú Aláyọ̀" ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn 1968, àpò kan ṣoṣo náà bẹ̀rẹ̀ sí í pín sí àpò olúkúlùkù, ìyẹn sì jẹ́ ìtàn mìíràn.

Kí ni ayé mọ̀ nípa rẹ̀ lónìí? Onímọ̀ kan, Stanley Barrett, kọ ìwé ńlá lórí ìlú yìí ní 1977. Ó pa orúkọ ìlú náà dà, ó pè é ní Olówó, bẹ́ẹ̀ ni ó fi ìdìde àti ìṣubú ṣe àkọlé ìwé náà. Iṣẹ́ ìwádìí gidi ni, n kò tako ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé ìṣubú ti wọ inú àkọlé kí òkun tó dé ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí òkun ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ náà, tí ó ti gbé ilé, ṣọ́ọ̀bù àti ilé ẹ̀kọ́ lọ, ìṣubú nìkan ni kámẹ́rà ń wá. Àwọn oníròyìn á wọ ọkọ̀ ojú omi ní Igbókòdá láàárọ̀. Wọ́n á ya ògiri tí ó wó, òpó iná tí ó dá dúró nínú omi, ìyá arúgbó tí ó káwọ́ lérí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́n á ní kí ìyá náà tún ọwọ́ ká dáadáa. Wọ́n á padà ní ìrọ̀lẹ́.

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bí a bá ti rí ènìyàn ni a ó ṣe gbà á lálejò. Ìlú tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ kìkì òkú, ìsìnkú ni àwọn aláṣẹ yóò máa múra sílẹ̀ fún. Wọn kò ní rántí oògùn. Bí ẹni tí ó wà ní Àbújá bá wo fọ́tò ọgbọ̀n, tí kò rí ènìyàn kan tí ó ń kan ọkọ̀, ọmọ kan tí ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lórí afárá pákó, obìnrin kan tí ó ń sá ẹja, yóò sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Ṣebí ibẹ̀ ti parí." Ọmọ tí ó ń sùn níbẹ̀ lálaalẹ́ ti gbà bẹ́ẹ̀, kí wá ni ti ẹni tí ó wà ní Àbújá?

Mo mọ èsì tí àwọn kan yóò fún mi. Wọ́n ti fún mi rí nínú yàrá àwọn olùkọ́. Wọ́n ní, "Ilé ń wó, ẹ ń sọ̀rọ̀ òdòdó." Wọ́n ní àwòrán ìparun yẹn ni ó jẹ́ kí ayé gbọ́ ohùn Ayétòrò, pé bí kò bá sí i, ta ni ìbá mọ̀? Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ariwo náà ti mú wá. Ní 2004 ni àjọ NDDC kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ ìdáàbòbò etí òkun Ayétòrò jáde. Wọ́n tún un gbé jáde ní 2009. Òkun kò dúró de ìkíní, kò sì dúró de ìkejì. Gbogbo ògiri tí ó wó láàrin ìgbà náà ni a yà. Kí ni ó kù kí a yà kí wọ́n tó gbọ́?

Ní ọjọ́ tí ẹnì kan bá sì jókòó nígbẹ̀yìn láti ṣírò ohun tí ó sọnù, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni èyí: ilé ta ni ó wà níbẹ̀, báwo ni ó ti rí, báwo ni ó ti jìnnà sí omi tó ní ọdún wo? Àwòrán ògiri tí ó wó kò lè dáhùn. Ògiri tí ó wó kò ní orúkọ. Gbogbo wọn jọra, ti Ayétòrò, ti Àwòyè, ti ibikíbi tí omi bá ti bá ilé jà. Àwòrán ẹnu ọ̀nà tí ènìyàn yà lásán, ní ọjọ́ tí kò sí ìṣòro kankan, pẹ̀lú ìkòkò òdòdó tàbí garawa ewébẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan àti àwọ̀n ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ni yóò dáhùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi hàn pé òun ti pàdánù nǹkan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé òun ní in rí.

Ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Dunwich ní etí òkun ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èbúté ńlá ni ní ìgbà láéláé. Òkun jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún títí ó fi di abúlé. Ní 1904, etí òkè tí òkun ń gbẹ́ dé ara ilé ìsìn àtijọ́ kan níbẹ̀, All Saints. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí 1919, ilé gogoro rẹ̀ ti bá omi lọ. Àwọn tí ó ní kámẹ́rà nígbà náà kò ya ẹyọ kan kí wọ́n sì máa lọ. Wọ́n ń padà wá síbi kan náà lọ́dún dé ọdún, wọ́n sì ń tẹ àwòrán náà sórí pọ́sítíkáàdì. Lónìí, ẹni tí ó bá to àwọn pọ́sítíkáàdì náà tẹ̀ léra lè ka ògiri ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń lọ, ó sì lè wí bí òkun ti yára tó. Àpapọ̀ àwòrán tí ó ní ọdún lára ni ó jẹ́ ẹ̀rí níbẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ìbá ti jẹ́ ìbànújẹ́ lásán.

Bí ẹ bá sì fẹ́ àpẹẹrẹ láti ilẹ̀ wa, a ní in. J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ ilẹ̀ Ẹdó tí ó fi Èkó ṣe ilé, bẹ̀rẹ̀ láti 1968 sí í ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà. Ṣé ẹ mọ bí irun ti rí: onídìrí á jókòó fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ìka rẹ̀ á máa ta á; lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a ó tú u. Ó pẹ́ títí, ó lé ní ẹgbẹ̀rún àwòrán tí ó yà, láti ẹ̀yìn orí, láti ẹ̀gbẹ́, kí ojú lè rí iṣẹ́ ọwọ́ náà dáadáa. Kò sọ pé ogun ń jà ní orílẹ̀-èdè nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ogun ń jà. Títí ó fi kú ní 2014, àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri ayé ti ń wá àwòrán yẹn. Irun tí ó yà ti tú tipẹ́. Púpọ̀ nínú ọ̀nà tí wọ́n fi dì í, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dì kò pọ̀ mọ́. Bí kò bá jẹ́ pé ó ka irun orí sí ohun tí ó tó yà, ta ni ìbá rántí?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe gbà pé gbogbo òdòdó ni ó ń sọ òtítọ́ o. Bí ẹ bá ti Igbókòdá wọ ọkọ̀, ẹ lè rí ewéko kan tí ó tẹ́ rẹrẹ lójú omi, ewé rẹ̀ ń dán, ìtànná rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò fífẹ́ẹ́. Fọ́tò rẹ̀ á dára ju gbogbo kàlẹ́ńdà lọ. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Àárín àwọn ọdún 1980 ni ó gba ojú omi wa. Ẹ bi apẹja léèrè ohun tí ó jẹ́. Ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀, ó ń wé mọ́ ẹ̀rọ, ó ń di àwọ̀n. Ẹni tí ó ya òdòdó yìí tí kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè ti ya ọ̀tá ìlú ní ìyàwó. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé iṣẹ́ olùkọ́ èdè ni fọ́tò yíyà. Àwòrán nílò ọ̀rọ̀ lábẹ́ rẹ̀: kí ni èyí, ta ni ó ń tọ́jú rẹ̀, ọjọ́ wo, níbo, kí ni wọ́n ń pè é lẹ́nu Ìlàjẹ. Àròkọ aṣàpèjúwe tí a ń fi tipátipá kọ́ wọn nínú kíláàsì ti wà níbẹ̀ tán.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò nílò owó. Fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, lọ́wọ́ bàbá, lọ́wọ́ àbúrò ìyá. Kí olùkọ́ rán ọmọ lọ sí àdúgbò rẹ̀ láti ya ohun mẹ́wàá tí ẹnì kan ń tọ́jú. Kí ọmọ náà tọrọ àyè kí ó tó yà. Ẹni tí ilé rẹ̀ ti bá omi lọ kò gbọ́dọ̀ tún fi ojú rẹ̀ ṣòfò. Kí ó dúró síbi kan tí ó lè padà sí ní sáà tí ń bọ̀. Kí ó kọ ọjọ́ sílẹ̀. Kí àwòrán náà má sì wà lórí fóònù nìkan, nítorí fóònù a máa já bọ́ sínú omi ní Ìlàjẹ ju ibikíbi lọ (mo ti pàdánù méjì). Kí olùkọ́ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ó fi í sínú fáìlì tí ilé ẹ̀kọ́ yóò tọ́jú sí ibi gíga. Ẹni tí ó bá ní èyí kò sí nínú ìlànà ẹ̀kọ́, kí ó tún ìlànà náà kà dáadáa.

Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ padà dé lẹ́yìn ìsinmi. Mo ti ní kí ó lọ wá agbọ̀n òdòdó tí ó kọ nípa rẹ̀ wá fún mi ní Ayétòrò. Ó rò pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àwòrán mọ́kànlá ni ó mú wá. Afárá pákó wà níbẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn wà níbẹ̀. Ìkẹfà ni mo dúró sí. Garawa ọ̀dà àtijọ́ kan ni, tí wọ́n fi okùn àwọ̀n so rọ̀ ní etí òrùlé. Efinrin kún inú rẹ̀, ó tilẹ̀ ti yọ ìtànná díẹ̀. Ìyá àgbà rẹ̀ ni ó gbé e kọ́ síbẹ̀, nítorí pé omi iyọ̀ ti wọ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tí ó ti ń gbìn ín tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ewúrẹ́ kò sì jẹ́ kí ti orí ìkòkò gbádùn. Láàárọ̀ àti ní alẹ́ ni ó ń bu omi òjò rin ín. Ọmọ náà ti ń kọjá lábẹ́ garawa yìí láti ìgbà tí ó ti mọ̀ ọ́n rìn.

Ó kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé: "Efinrin Màmá. Láti ẹnu ọ̀nà yìí dé etí òkun, ìṣísẹ̀ 64." Mo bi í bí ó ti mọ̀. Ó ní òun dúró títí omi fi fà sẹ́yìn, òun sì fi ẹsẹ̀ òun kà á.

Mo ti ní kí ó tún un kà ní ìsinmi Kérésìmesì.